Ọkọ̀ Tí Kò Gba Epo Inú Ìgò

Liège, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún, 2024

Bàbá mi,

Mo kí yín o. Ẹ kú ìmójútó ilé, ẹ kú ìtọ́jú Josiane ìyàwó mi. Inú mi dùn pé ẹ gbà láti máa kọ̀wé sí mi báyìí, látìgbà tí etí yín kò ti gba fóònù mọ́. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Victorine aládùúgbò wa tó ń ya lẹ́tà yín ní fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, tó sì ń tẹ tèmi jáde fún yín ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló mú mi jókòó lónìí. Ọkọ̀ pupa tí mo fi fọ́tò rẹ̀ hàn yín nígbà tí mo wá ṣe Kérésì ti wà lójú omi. Nínú oṣù tó ń bọ̀ ni yóò gúnlẹ̀ sí Cotonou. Maxime, ọ̀rẹ́ mi ará Sakété, ni yóò gbà á, tí yóò gbé e wá fún yín ní Pobè. Ọwọ́ mi ni mo fi tún un ṣe, Bàbá. Nígbà tí mo rà á, iná ti jó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Abẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń wà lẹ́yìn iṣẹ́, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá lọ mu ọtí.

Ẹ mọ̀ pé káàdì ìgbélùú mi ti fẹ́ parí, mi ò sì mọ̀ bóyá wọ́n á fún mi ní òmíràn. Bí wọn kò bá fún mi, ilé ni mo ń bọ̀, ọkọ̀ yìí ni màá sì máa fi jẹun. Màá máa fi gbé àwọn ìyàwó ọ̀ṣìngín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Àjàṣẹ́ àti Cotonou. Mi ò ní nǹkan mìíràn láyé yìí.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ọkọ̀ eré ni. Kì í mu epo lásán. Epo tó lágbára jù níbí, èyí tí wọ́n ń pè ní méjìdínlọ́gọ́rùn-ún, ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ fún. Ẹ̀rọ náà máa ń fún epo àti afẹ́fẹ́ mọ́ra gan-an kó tó ṣáná sí i. Bí epo náà kò bá lágbára, á gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó tó, á wá máa lu ẹ̀rọ náà láti inú, bí ìgbà tí èèyàn da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo tó ń mì ín. Ohun tó ń pa á nìyẹn. Maxime á bá yín wá epo gidi láti Cotonou. Ẹ kàn máa tan án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí bátìrì rẹ̀ má bàa kú. Ẹ má wà á. Ní ti epo inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, kpayo yẹn, ẹ má jẹ́ kó kàn án rárá.

Ẹ sọ fún Josiane kó máa sinmi.

Ọmọ yín,
Séraphin


Pobè, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹfà, 2024

Séraphin ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ níbi òtútù tó o wà. Ara mi le, àfi etí; ẹnu èèyàn ni mo ń wò báyìí kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Josiane náà wà dáadáa. Lánàá ó gbé ọwọ́ mi lé ikùn rẹ̀, ọmọ náà sì ta mí nípàá. Mo rẹ́rìn-ín débi pé Victorine sáré wọlé wá wo ohun tó ṣe mí.

Ọkọ̀ rẹ ti dé. Àwọn èèyàn wá láti Igana wá wò ó. Ó mà rẹwà o! Ó kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí adìẹ ń fò lé e lórí, tí mo sì ń fi ìgbálẹ̀ lé wọn. Bí mo bá tan án, mo máa ń gbé ọwọ́ lé e níwájú, mo máa ń mọ bó ṣe ń gbọ̀n bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀ tó fẹ́ sá.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bá ọ sọ òótọ́. Gbogbo ìgbà tí mo fi wa ọkọ̀ akẹ́rù, tí mo fi ń kó ẹyìn ọ̀pẹ láti oko lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fún epo pupa, ohun tí mo bá rí ni mo ń rọ sí i. Epo inú ìgò, epo ilé-epo, ọkọ̀ mi kò bi mí ní ibi tí mo ti rà á. Ìwọ náà, orí ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn lo dàgbà sí. Nísinsìnyí o wá ń kọ́ mi ní epo.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, èmi ni màá sì ka Bíbélì lọ́jọ́ náà. Jẹ́ kí n wọ aṣọ funfun mi, kí n gbé Josiane síwájú, kí n rọra wà á dé ibẹ̀. Kò jìnnà. O fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, o kò jẹ́ kí n jókòó sínú rẹ̀. Ṣé ojú lásán ni màá máa fi wò ó bí àlejò nínú àgbàlá ara mi?

Bàbá rẹ,
Ọláníyan


Liège, ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹfà, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi. Mo dọ̀bálẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, ṣùgbọ́n rárá ni ìdáhùn mi.

Mo mọ̀ yín, Bàbá. Bẹ́ ẹ bá wà á dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó wà á dé Igana. Bí epo bá tán lọ́nà, ìgò tó bá sún mọ́ yín lẹ máa nawọ́ sí. Ọkọ̀ akẹ́rù yín kò dà bí èyí. Ìyẹn ń jẹ ohunkóhun torí pé kò sáré, ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì fún epo mọ́ra bẹ́ẹ̀. Èyí, bí ẹnì kan bá tilẹ̀ ṣèèṣì rọ epo burúkú sí i, àfi kó máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ títí tí epo náà á fi tán. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú irú epo bẹ́ẹ̀ ti pa á.

Maxime á yọjú sí yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kó ṣe ohun tí mo ní kó ṣe. Ẹ má bínú sí mi. Nígbà tí mo bá dé, èmi fúnra mi ni màá gbé yín lọ sí ìkórè, ìlú gbogbo á sì rí yín.

Séraphin


Liège, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ, 2024

Bàbá,

Ẹ kú ilé. Láti Ọjọ́rú ni mo ti ń pe Josiane, fóònù rẹ̀ kò lọ. Mo pe Victorine, ó ní kí n dúró de lẹ́tà yín, ó sì pa fóònù. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?

Òwúrọ̀ yìí ni Maxime fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi. Ọkọ̀ mi ni, lẹ́bàá títì níbi tí wọ́n ti ń yà sí Yoko. Ẹrẹ̀ bò ó dé ojú fèrèsé, wọ́n ṣẹ́ ewé sẹ́yìn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọkọ̀ tó ti kú. Mo rò pé ọkọ̀ ẹlòmíràn ni títí mo fi rí àpá iná tí mo kùn lára rẹ̀. Maxime ní òun ṣí ojú tánkì, òórùn kpayo ló sì lu òun nímú. Ó ti ní kí wọ́n fà á dé garáàsì ní Sakété. Mẹkáníìkì tú u, ó ní písítọ̀n kan nínú ẹ̀rọ náà ti lu, òmíràn ti yọ́ létí bí àbẹ́là.

Bàbá, mo bẹ̀ yín. Mo ṣàlàyé. Mo tún un ṣàlàyé. Kí lẹ ń wá lọ sí ojú ọ̀nà Sakété? Ta lẹ fẹ́ fi ọkọ̀ náà hàn?

Ẹ dá mi lóhùn kíákíá.

Séraphin


Pobè, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹjọ, 2024

Séraphin,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Òótọ́ ni, èmi ni mo wà á. Òótọ́ ni, kpayo ni mo rọ sí i. Fóònù Josiane bọ́ sómi, ó ti bàjẹ́. Jọ̀ọ́ ọmọ mi, fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sílẹ̀ fún mi ná. Má bi Victorine ní nǹkan kan. Gbàdúrà. Màá kọ̀wé tí mo bá lè kọ̀wé.

Bàbá rẹ


Liège, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹjọ, 2024

Bàbá,

Kí n fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sílẹ̀? Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n pè mí lọ́fíìsì, tí obìnrin kan tí kò gbójú sókè sọ fún mi pé wọn kò tún káàdì mi ṣe. Wọ́n fún mi ní ìwé pé kí n máa palẹ̀ mọ́. Mo jáde, òjò ń rọ̀, mo dúró sábẹ́ rẹ̀, mo sì ń sọ fún ara mi pé, kò burú, mo ṣáà ní ọkọ̀. Àfi ìgbà tí mo rántí. Kí ni mo wá ń bọ̀ wá ṣe nílé? Kí ni màá fi bọ́ ọmọ tó ń bọ̀?

Mẹkáníìkì ní kì í ṣe pé ẹ kàn wà á, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Ó ní ẹ̀rọ náà á ti pariwo títí, á ti máa han bí ẹni tí wọ́n ń lù, kó tó kú. Ẹ kò gbọ́ ariwo rẹ̀ ni? Àbí ẹ gbọ́, ẹ kàn fẹ́ fi hàn mí pé bàbá ni yín?

Wọ́n lé mi níbí, ẹ̀yin náà sì ti ilẹ̀kùn ilé mọ́ mi. Ẹ má wulẹ̀ kọ̀wé sí mi mọ́. Ẹ kàn sọ fún Josiane kó yá fóònù ẹlòmíràn, kó pè mí.

Séraphin


Sakété, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹjọ, 2024

Séraphin ọmọ mi,

O ní kí n má kọ̀wé mọ́. Mo ní láti kọ èyí. Bí o bá dá wà, lọ pe ẹnì kan kó wá jókòó tì ọ́ kí o tó kà á.

Josiane wà láàyè. Mo fi ìyẹn ṣíwájú. Ó lajú lánàá, ó mu omi ẹ̀kọ, ó sì mọ̀ mí. Ìdí tí mo fi ń dúró nìyẹn. Mi ò fẹ́ kọ̀wé sí ọ lákọ̀ọ́kọ́ pé ó ń kú lọ, kí n tún wá kọ òmíràn pé ó ti kú.

Àárọ̀ Ọjọ́rú tí fóònù rẹ̀ dákẹ́, òjò ń rọ̀. Mo jáde, mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́bàá ìkòkò omi, fóònù rẹ̀ ti bọ́ sínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì wà nílẹ̀. Mo sáré pe Victorine. Agbẹ̀bí tó wà nítòsí wa wò ó, ó ní ibi ọmọ ló ti fẹ́ já kúrò lára rẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni, kí a gbé e lọ bá dókítà ní Sakété lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ti gbé ẹlòmíràn lọ sí Àjàṣẹ́. Àwọn onítakisí ti lọ sọ́jà. Ọlọ́kadà kan dúró, ó wo ẹ̀jẹ̀ náà, ó mi orí, ó lọ.

Mo wo ọkọ̀ rẹ.

Nígbà tí mo tan án, ọwọ́ tó ń fi ìwọ̀n epo hàn wà nílẹ̀ pátápátá. Mi ò mọ ohun tó ṣe tánkì náà tó fi gbẹ. A tì í dé ìkóríta lọ́dọ̀ Ògúnṣínà, ará Nàìjíríà tó ń ta epo níbẹ̀. Ilé-epo wa kò ní epo lọ́jọ́ náà. Mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún un, mo ní, “Ṣé o ní super, epo tó lágbára yẹn?” Ó rí Josiane lórí ìjókòó iwájú, kò tilẹ̀ dúró sọ̀rọ̀, ó ń gbé ìgò ó ń dà á. Lẹ́tà rẹ wà lọ́kàn mi, Séraphin. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ó wà lọ́kàn mi nígbà tí mo ń wo bí epo yẹn ṣe ń wọlé.

Victorine ká ara rẹ̀ kò sí ìjókòó kékeré ẹ̀yìn, ó di Josiane mú láti ẹ̀yìn. A jáde. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń fò. Mi ò rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. O bi mí bóyá mi ò gbọ́ ariwo rẹ̀. Mi ò gbọ́. Victorine sọ fún mi lẹ́yìn náà pé láti ìgbà tí a ti kúrò ní Pobè ni ó ti ń pariwo, pé Josiane ń sọ pé, “Bàbá, nǹkan ń fọ́ lábẹ́ wa, Bàbá,” tí èmi sì kọjú síwájú. Victorine gbá mi léjìká, ó nawọ́ sí iná aláwọ̀ ìyeyè kan tó ń ṣẹ́jú níwájú mi. Nígbà náà ni mo mọ̀. O ti kọ ọ́ pé kí ẹni tó bá ṣèèṣì rọ epo burúkú sí i máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́. Mo wo iná náà, mo wo ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sílẹ̀ láti orí ìjókòó. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń yà sí Yoko ló kú sí. Èéfín bo iwájú, kò sì tún gbéra mọ́. Mo jáde sínú òjò, mo dúró sí àárín títì, mo na apá mi méjèèjì. Àwọn ọkọ̀ ń yà fún mi. Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo ń jù ú. Wọ́n ń yà fún mi. Mo pariwo títí, mi ò sì gbọ́ ohùn ara mi. Nígbà tó pẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń kó gààrí bọ̀ dúró. Àwọn obìnrin tó wà lórí ẹrù sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sún àpò gààrí sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì gbé ìyàwó rẹ sókè láàrin ara wọn.

Ní ilé ìwòsàn wọn kò jẹ́ kí n wọlé. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde wá bá Victorine sọ̀rọ̀, mo di ọwọ́ Victorine mú, mo ní, “Ṣé ọmọ náà ké? Ṣé ó ké?” Ó mi orí.

Ọkùnrin ni. Ó jọ ọ́. Èmi ni mo gbé e, èmi náà ni mo sin ín.

Mo bi dókítà bóyá ọmọ náà ì bá yè bí ọkọ̀ kò bá kú lọ́nà. Victorine kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ fún mi: “Bóyá. Mi ò lè sọ.” Ohun tí mo ń gbé kiri nìyẹn, mi ò sì mọ ibi tí màá sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

Bàbá rẹ,
Ọláníyan


Pobè, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá, 2024

Séraphin ọkọ mi,

Mo kí ọ. Mo ti ń rìn dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá báyìí.

O ń pè mí lórí fóònù tuntun yìí, o ń sunkún, èmi náà ń sunkún, a ó wá pa á. Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Nítorí náà ni mo fi ń kọ̀wé.

Láti ọjọ́ tí Bàbá ti kọ lẹ́tà yẹn sí ọ, o kò fún un lésì. Ó ti kọ àwọn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, mo mọ̀, torí èmi ni mo bá a ya wọ́n ní fọ́tò. Ó máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù Victorine láràárọ̀ láti bi í bóyá lẹ́tà dé. Oúnjẹ tí mo bá gbé fún un, ajá ló ń jẹ ẹ́. Wọ́n ní kó wá ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ojú ń dun òun. Ojú kò dùn ún.

Ó kọ ọ́ sí ọ pé òun kò mọ ohun tó ṣe tánkì náà tó fi gbẹ. Ó mọ̀. Ó wà níjókòó lábẹ́ igi nígbà tí Maxime wá fi rọ́bà fa epo gidi yẹn jáde, tó kó o lọ sí Sakété. Maxime sọ fún un pé ìwọ lo ní kí òun fà á, kí Bàbá má bàa rí ọkọ̀ náà wà lọ sí ìkórè. Bàbá kò bá a jà, ó kàn wọlé lọ. Ó purọ́ nínú lẹ́tà yẹn kí o má bàa mọ̀ pé òun mọ̀. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tó bá ọ ti tó ọ.

Ìwọ lo fa epo dídára jáde, òun ló rọ èyí tí kò dára sí i. Èmi ni mo jókòó sínú ọkọ̀ náà, tí mo ń gbọ́ bó ṣe ń fọ́, tí mo sì ń mọ bí ọmọ mi ṣe ń dákẹ́ nínú mi. Mi ò lè máa pín ẹ̀bi fún ẹ̀yin méjèèjì. Agbára rẹ̀ kò sí lára mi.

Kọ̀wé sí bàbá rẹ.

Josiane


Liège, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ kú gbogbo ohun tí mi ò sí níbẹ̀ bá yín gbé.

Ọ̀rọ̀ kan péré nínú lẹ́tà yín ni mo rí, ìyẹn tánkì tó gbẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ mi ò rí nǹkan kan mọ́. Mo mọ ẹni tó gbẹ ẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá mú bírò, ohun tó yẹ kí n kọ nìyẹn, ọwọ́ mi sì kọ̀. Josiane ti wá sọ fún mi pé ẹ̀yin náà mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ sì fi bò mí.

Ọkọ̀ ni mo dáàbò bò. Mo dáàbò bò ó lọ́wọ́ yín bí ẹni pé olè ni yín. Mo tún wá kọ̀wé bi yín bóyá ẹ kò gbọ́ ariwo rẹ̀. Bàbá, irú ẹnu wo ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀ sí yín? Mi ò tọrọ àforíjì, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ èyí.

Wọ́n ti fún mi ní ọjọ́ tí màá kúrò níbí. Ìparí oṣù yìí ni. Báàgì kan ni mo ní. Mi ò mọ bí màá ṣe wọ inú àgbàlá yẹn. Ẹ sọ fún mi bóyá kí n kọ́kọ́ dúró lọ́dọ̀ Maxime ní Sakété. Mo sì mọ̀ pé àṣà kò gbà kí bàbá ọmọ rí ibi tí wọ́n sin irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ fi hàn mí.

Séraphin


Pobè, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹwàá, 2024

Séraphin ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo kà á níwájú ṣọ́ọ̀bù Victorine, mi ò lè dúró dé ilé.

Má dúró lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni ní Sakété. Tí o bá sọ̀ ní Cotonou, wọ takisí, kí o máa bọ̀ tààrà. Mo ti gbá yàrá rẹ. Mo ra bẹ́ẹ̀dì tuntun sí i, torí Josiane kò fẹ́ sùn sórí ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ọkọ̀ náà ṣì wà ní garáàsì. Mẹkáníìkì ń bi mí bóyá òun lè tú u tà. Mo ní kó dúró dè ọ́. Bí o bá fẹ́ rí i, màá sìn ọ́ lọ. Bí o kò bá fẹ́, kó máa tú u.

Ní ti ibi tí mo sin ọmọ náà sí, màá mú ọ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú.

Josiane ní kí n sọ fún ọ pé òun kò bínú sí ìwọ, òun kò sì bínú sí mi. Ó sọ ọ́, ó sì kọjú sí ògiri. Mi ò gbà á gbọ́. Máa bọ̀, kí ó sọ ọ́ fún ọ fúnra rẹ̀.

Bàbá rẹ,
Ọláníyan